Ìyá Mi Ló Sọ Bẹ́ẹ̀

Wọ́n ní kí n kọ ojú ewé méjì péré
nípa ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní Sábó Sáríà,
ọmọkùnrin mẹ́rin tó sọ ara wọn lórúkọ òkè Kufena,
tí irun wọn kún bí igbó etí odò,
tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn ń gbálẹ̀.
Ojú ewé méjì. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wá a.

Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ kan ní Samaru
Lásísì onígìtá dáná sun gìtá rẹ̀ lójú agbo,
ó ń jó, ó ń ké, okùn ń já lọ́kọ̀ọ̀kan,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta akẹ́kọ̀ọ́ sì gorí àga.
Ẹni mẹ́ta ló sọ ọ́ fún mi láìjọ jókòó pọ̀.
Díẹ̀ ló kù kí n kọ ọ́. Bírò ti wà lọ́wọ́ mi.
Mo wá bi wọ́n: ta ni ọ̀rọ̀ yìí ṣojú ẹ̀?
Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Tánímù onígbàjámọ̀.
Ẹnì kejì, orí àga Tánímù náà ló ti gbọ́ ọ.
Ẹnì kẹta ni Tánímù fúnra ẹ̀,
tó ní òun ò sí níbẹ̀, Fúntuà lòun wà lọ́dún náà,
àmọ́ gbogbo Sábó ló mọ̀.
Odò kan ló ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé mẹ́ta,
tí mo ń kà á ní odò mẹ́ta.

Mo gba Kàdúná lọ, sí yàrá ìwé ìròyìn àtijọ́
níbi tí Hàjíyà Rakíyà ti ń fi gèlè bomú nítorí eruku.
Ó ní, "Lọ fọwọ́. Má sì pọ́n ìka lá."
Bébà ti pọ́n bí ewé tábà,
ọyẹ́ ọdún pípẹ́ ti jẹ ẹ́ létí.
Ìlà mẹ́rin ni mo rí lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ,
oṣù kejì, ọdún 1975:
iná lọ nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀,
èéfín yọ nínú àpótí agbóhùnsókè,
wọ́n dá owó padà fún igba èèyàn ó lé mọ́kànlá.
Ó tán. Kò sí gìtá tó jóná.

Ẹnìkan ní òpùrọ́ ni Istifanus onílù,
torí ó ní pọ́n-ùn mẹ́wàá ni wọ́n fún òun fún eré náà,
bẹ́ẹ̀ náírà la ti ń ná láti ọdún méjì.
Mo fẹ́ fa ìlà lé e lórí. Mo rántí bàbá mi
tó ń pe náírà méjì ní pọ́n-ùn títí ó fi kú.
Mo wọkọ̀ dé Zonkwa. Istifanus yọ ìwé kan
nínú garawa mílíìkì tó ti dípẹtà:
ogún náírà. Àsansílẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú eré.

Ọ̀rọ̀ kan ló wá kù.
Ìyá mi ní torí òun ni Lásísì ṣe lu orin kan,
gìtá lásán, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú ẹ̀,
nígbà tí òun jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Wúsásà,
tí bàtà òun ń dún kin-in, kin-in lójú ọ̀nà.
Mo wo ara àwo náà: "Bàtà Funfun",
ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀. Ẹni tó ṣe é: ẹgbẹ́ lápapọ̀.
Istifanus ní ìlù lòun ń lù, òun ò bèèrè.
Lásísì ti lọ, ọdún kẹjọ rèé.
Kò sí ìwé. Kò sí ẹlẹ́rìí kejì.

Ìyá mi gbórí sókè lórí ibùsùn:
"Ṣé o ti kọ ọ́?"
N kò lè ki ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ àárín òótọ́
bí òkúta tí wọ́n dà mọ́ ẹ̀wà;
n kò sì lè ṣà á dànù.
Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́,
pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, Ìbídùn Alágbẹ̀dẹ, ní kíkún:
ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀.
Mo kà á sí i létí. Ó rẹ́rìn-ín,
ó ní ti ọ̀tún máa ń dún ju ti òsì lọ,
kí n fi ìyẹn kún un.